Pílíìtì ń jẹ aṣọ: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú aṣọ orí kọ̀ǹpútà

Ó ń dùn mí bí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ìyẹn fífi kọ̀ǹpútà ṣe aṣọ sára èèyàn inú àwòrán, ṣe ń náwó dànù. Aṣọ ò já wálẹ̀ sára bó ṣe yẹ, wọ́n á ní kọ̀ǹpútà ni ò lágbára. Wọ́n á ra káàdì àwòrán tuntun fún kọ̀ǹpútà, wọ́n á ra aṣọ tí ẹlòmíì ti ṣe sílẹ̀, wọ́n á sun epo jẹnẹrétọ̀ mọ́jú, aṣọ náà á ṣì dà bí ike. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ èyíkéyìí n'Ílọrin, tépù ni ọwọ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ kàn kó tó mú àlùmọ́gàjí. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ́kọ́ wọn aṣọ.

1. Ìwọ̀n èèyàn. Bí èèyàn inú Blender yín (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe àwòrán 3D) bá ga mítà 17 dípò 1.7, aṣọ rẹ̀ á máa rọra já bíi pé inú omi ló wà, ìṣẹ́po rẹ̀ á sì kéré jù. Ẹ wo gíga rẹ̀, ẹ dá a padà sí 1.7, ẹ tẹ Ctrl+A, ẹ mú Scale kí ìwọ̀n náà lè dúró, kí ẹ tó da aṣọ bò ó.

2. Inú Blender náà, Self Collisions, tí kì í jẹ́ kí aṣọ wọnú ara rẹ̀, kì í wà ní títàn. Ẹ tàn án, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ìṣẹ́po á wọnú ara wọn. Aṣọ tó dà bíi pé ó fò kúrò lára èèyàn, àlàfo ló pọ̀ jù: 0.015 ló wà lára aṣọ, 0.02 ló wà lára èèyàn ní Thickness Outer, mítà ni wọ́n sì fi kà á. Ẹ fa méjèèjì wálẹ̀ sí bíi 0.004.

3. Pílíìtì. Ibí gan-an ni mo ti fẹ́ kí ẹ fetí sílẹ̀. Ẹni tó ń ṣe síkẹ́ẹ̀tì ọmọ iléèwé á gé aṣọ ní ìwọ̀n ìbàdí gẹ́lẹ́, á fa ìlà sí i lára, á ní kó ká. Níbo ló ti fẹ́ rí aṣọ tó máa ká? Pílíìtì tó kọjú sí ọ̀nà kan náà, tí ọ̀kan ń tẹ̀ lé èkejì láìsí àlàfo, aṣọ ìlọ́po mẹ́ta ló ń jẹ: ìdá kan hàn síta, ìdá kan padà sẹ́yìn, ìdá kan tún bọ̀ wá síwájú lábẹ́. Bí ìbàdí bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 72, tí pílíìtì kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ ní 3, pílíìtì 24 nìyẹn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 9, aṣọ tí ẹ máa gé á wá jẹ́ 216, láìka etí ìránpọ̀. Ẹni tó bá gé 144 á rí pílíìtì lóòótọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ò ní jìn, á sì là sílẹ̀ tí ọmọ náà bá ti gbẹ́sẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló kan ìlà. Nínú Marvelous Designer, ètò tí a fi ń gé aṣọ tí a sì fi ń rán an lórí kọ̀ǹpútà, ìlà méjì ni pílíìtì kan máa ń ní: ọ̀kan ní etí tó yọ síta, ọ̀kan níbi tó ti padà nínú. Fold Angle, ìyẹn igun tí aṣọ fi ń ṣẹ́ lójú ìlà, máa ń wà ní 180, ìyẹn ni pé aṣọ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìlà kan gbọ́dọ̀ lọ sí 0, èkejì sí 360. Bí ẹ bá fi méjèèjì sí 0, aṣọ á ká ara rẹ̀ bí ẹní. Irinṣẹ́ Pleats Fold lè bá yín to nọ́ńbà wọ̀nyí, Pleats Sewing á sì bá yín rán an mọ́ bándì, ṣùgbọ́n ẹ yẹ ẹ́ wò: sẹ̀ǹtímítà 3 lára bándì gbọ́dọ̀ di ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú. Tó bá jẹ́ ìpele òkè nìkan ló dì mú, méjì tó kù á jábọ́ sínú.

Ìbàdí tó wú bí ẹni tó fi táyà sábẹ́ aṣọ, sísanra ló fà á. Mílímítà 2.5 ni Marvelous Designer ń kà fún ìpele kọ̀ọ̀kan. Ìpele mẹ́ta á lé ní 7. Ẹ sọ ọ́ di 1 tàbí kó kéré sí i.

Particle Distance, ìyẹn àlàfo tó wà láàárín àwọn ojú àmì tí kọ̀ǹpútà fi ṣe aṣọ, ńkọ́? Mílímítà 20 ni wọ́n fi sílẹ̀. Nínú pílíìtì tó fẹ̀ ní 30, ibi tí aṣọ ti lè tẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ, etí rẹ̀ á sì rí págunpàgun. 5 ló dáa, àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ìparí iṣẹ́ ni kí ẹ lọ sí 5. Láti 20 sí 5, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà di ìlọ́po 16. Ẹ rán an ní 20, ẹ tún un ṣe ní 20, kó jókòó dáadáa, kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Owó epo tí mo ń sọ nìyẹn.

Gèlè ò ní fúnra rẹ̀ di gèlè. Ọwọ́ ló ń wé e, ẹ pín in sí ìpele kí ẹ tó jẹ́ kó já.

Àwọn kan ń fi Sculpt, irinṣẹ́ tí a fi ń fọwọ́ gbẹ́ nǹkan, gbẹ́ ìhunjọ sí gbogbo ara aṣọ, látọrùn dé ìṣẹ́tí. Aṣọ kì í hun láìnídìí. Ibi tó bá kọ́, ibi tí nǹkan ti ń fà á, àti ibi tí aṣọ ti pọ̀ ju ara lọ, àwọn ni kí ẹ wá. Ẹ jẹ́ kí símúléṣọ̀n, ìyẹn ìṣirò tí kọ̀ǹpútà fi ń mú aṣọ já, ṣe èyí tó tóbi, kí ẹ wá fọwọ́ tọ́ kékeré ní ìgbọ̀nwọ́ àti abẹ́ apá.

Aṣọ òkè ló ń jẹ́ kí n mọ ẹni tó wo aṣọ rí. Wọ́n á gbé Silk, ìwọ̀n tí ètò ti tò sílẹ̀ fún aṣọ sílíìkì, lé e lórí, á máa rọ̀ bí sọ́ọ̀lù. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni awunṣọ Ìlọrin ń wun ún, bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 ní fífẹ̀, kí wọ́n tó rán an pọ̀. Ojú ìránpọ̀ yẹn le ju àárín lọ, nítorí náà ìṣẹ́po máa ń fẹ́ bá ojú ìrán lọ sísàlẹ̀. Ẹ gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́ lóòótọ́ kí ẹ sì rán an. Nínú Blender, ẹ kó ojú ìrán sínú vertex group (àkójọ ojú àmì aṣọ) kan, kí ẹ fi sí Bending Group ní Property Weights, kí ẹ sì fi Max, ìyẹn bó ṣe le tó, sókè ju ti àárín aṣọ.

Ẹ wo bàbá kan tó ń bọ̀ láti yídì lọ́jọ́ Iléyá. Àyà agbádá rẹ̀ níbi tí iṣẹ́ ọ̀nà wà ò ṣẹ́ rárá, odindi ló ń yí bíi pátákó. Níbi tí òwú ọ̀nà parí sí gan-an ni ìṣẹ́po ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní èjìká, ìpele mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló gun ara wọn, wọ́n sì là sísàlẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Òòfà ilẹ̀ kọ́ ló gbé wọn débẹ̀, ọwọ́ bàbá ni. Ẹ jẹ́ kí agbádá kọ́kọ́ já pátá pẹ̀lú apá nínà, kí àyà rẹ̀ le ju ìyókù lọ. Nínú Marvelous Designer, kí símúléṣọ̀n ṣì máa ṣiṣẹ́, ẹ di W mú kí ẹ tẹ etí aṣọ nítòsí ọrùn ọwọ́ láti fi pín-ìnnì, tó ń di aṣọ mú lójú kan, sí i, ẹ fà á sókè sí èjìká ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé Friction, tí kì í jẹ́ kí aṣọ yọ̀, sókè, kí ẹ tó yọ pín-ìnnì. Bó bá yọ̀ wálẹ̀, Friction ò tíì tó.