Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Kì Í Ṣe Ti Sáyẹ́ǹsì Ṣe Lè Kọ́ Ìmọ̀ Ewéko Àyíká

Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, nítorí náà mo mọ bí ó ti máa ń rí lára ènìyàn nígbà tí ó bá ṣí ìwé ìmọ̀ ewéko, tí ọ̀rọ̀ Látìn sì kún ojú ewé rẹ̀. Bí ẹ bá ń gbé Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ pa ìwé náà dé ná. Ẹ wá ilẹ̀ kékeré kan tí wọn kò dáko sí, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ onílẹ̀, kí ẹ kan èèkàn mẹ́rin mọ́lẹ̀, kí ẹ sì fi okùn yí i po, mítà 1 níbùú, mítà 1 lóròó. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láti ìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ títí di ìgbà ọyẹ́, ẹ ka oríṣiríṣi ewéko tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì kọ iye wọn sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ọkọ́ wú koríko ẹ̀kan kan. Ohun funfun gígùn tó ní oríkèé, tí ẹnu rẹ̀ mú débi pé ó lè gún iṣu wọnú, kì í ṣe gbòǹgbò. Igi ara ẹ̀kan náà ni, abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbà rìn. Ìdí nìyẹn tí iná ọ̀dàn fi ń jó ewé rẹ̀ láìpa á, tó sì tún máa ń rú kí ewéko mìíràn tó yọ. Ẹ ti ibẹ̀ lọ sídìí igi ẹ̀mí tí a ti ń rí òrí, ẹ fọwọ́ kan èèpo rẹ̀ tó nípọn, tó sán bí awọ ẹ̀yìn ọ̀nì; ohun tó fi ń la iná já nìyẹn. Oko ríro àti igbó sísun ló sọ ọ̀pọ̀ igbó agbègbè yìí di ọ̀dàn, àwọn tó lè fara da iná ló sì ṣẹ́ kù. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan méjèèjì yìí kò ní há ẹ̀kọ́ náà sórí mọ́.

Ẹ hú ẹ̀pà tó ń tanná, kí ẹ fi èékánná la kókó kékeré kan lára gbòǹgbò rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, kòkòrò àìfojúrí ń bẹ níbẹ̀ tó ń gba náítírójìn, èròjà tí ewéko nílò láti dàgbà, láti inú afẹ́fẹ́ fún ẹ̀pà náà.

Ní ti orúkọ, èmi kò fara mọ́ ọn pé kí a pa ti Yorùbá tì. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ìyá ẹlẹ́wé-ọmọ. Ṣùgbọ́n ewé kan wà tó wá láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí àwọn kan ń pè ní Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní Awólọ́wọ̀. Bí ẹ bá kọ ọ́ ní Chromolaena odorata, ará Íńdíà náà yóò mọ èyí tí ẹ ń wí. Iṣẹ́ tí orúkọ oníbejì, ìyẹn orúkọ Látìn ọlọ́rọ̀ méjì, ń ṣe nìyẹn, èyí tí Carl Linnaeus ará Sweden fi lélẹ̀ fún ewéko nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1753.

Áàpù tó ń dá ewéko mọ̀ lórí fóònù lè dá orúkọ lábàá, àmọ́ ó máa ń ṣì í, pàápàá bí ewéko kò bá tíì tanná. Ẹ já ẹ̀ka tó ní òdòdó, ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn àtijọ́, ẹ gbé nǹkan wúwo lé e, kí ẹ máa pààrọ̀ ìwé náà lójoojúmọ́ títí yóò fi gbẹ. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti já a, ọjọ́, àti àwọ̀ òdòdó rẹ̀ sí i lára, torí àwọ̀ máa ń ṣá. Bí orúkọ rẹ̀ bá ṣì rú yín lójú, ẹ gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ń kó ewéko gbígbẹ pamọ́ sí ní iléeṣẹ́ ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀ ní Jẹ́ríkò, Ìbàdàn.