Bẹ́ ẹ ṣe máa dá àwọn òrìṣà oníbìínú inú ẹ̀sìn Búdà mọ̀

Tẹ́ ẹ bá rí ère tó ranjú kankan, tó yọ eyín síta, tí iná ń jó lala lẹ́yìn ẹ̀ nínú tẹ́ńpìlì àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, ẹ má tíì sá o, èṣù kọ́ nìyẹn, aṣọ́nà ni. Kì í ṣe ẹ̀yin ló ń bínú sí, àìmọ̀kan àti ojúkòkòrò àti ìkórìíra tó wà lọ́kàn èèyàn ló ń bá jà.

Ojú lọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń wò, ibẹ̀ náà ló sì ti ń dà rú mọ́ wọn lójú torí pé gbogbo wọn pátá ló fajú ro. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, kẹ́ ẹ wá wo nǹkan tó gùn àbí tó jókòó lé. Idà lọ́wọ́ ọ̀tún, okùn lọ́wọ́ òsì, àpáta nídìí? Fudo Myoo ti Japan nìyẹn, idà yẹn ló fi ń gé àìmọ̀kan.

Ti Tibet ló le jù ṣá. Mahakala sábà máa ń dúdú àbí kó jẹ́ búlúù, ó máa ń dé adé agbárí márùn-ún, ife tí wọ́n fi agbárí ṣe àti ọ̀bẹ tó tẹ̀ kọdọrọ ló sì máa ń wà lọ́wọ́ ẹ̀. Yamantaka ò lè ṣì yín lójú, orí ẹfọ̀n ló gbé kọ́rùn, ìgbà míì ọwọ́ ẹ̀ á pé 34, ta ló fẹ́ jókòó ka ìyẹn. Palden Lhamo ní tiẹ̀, obìnrin ni, ìbaaka ló gùn kọjá lórí òkun ẹ̀jẹ̀, ẹ wo ìdí ìbaaka yẹn dáadáa, ojú kan wà níbẹ̀ tó ń wò yín.

Tó bá jẹ́ méjì ló dúró lẹ́nu géètì, tí wọ́n sígbọnlẹ̀, tí iṣan yọ lára wọn, Nio nìyẹn. Ẹ wo ẹnu wọn, ọ̀kan la tiẹ̀, ìkejì pa tiẹ̀ dé. Àwọn tó wà ní tẹ́ńpìlì Todai-ji nílùú Nara ní Japan ni mo fẹ́ràn jù, igi ni wọ́n fi gbẹ́ wọn lọ́dún 1203, àwọn agbẹ́gilére méjì kan, Unkei àti Kaikei, ló darí iṣẹ́ náà, wọ́n sì ga ju mítà 8 lọ.

Ní àwọn tẹ́ńpìlì Tibet kan, wọ́n máa ń fi aṣọ bojú àwọn aṣọ́nà yìí. Ẹ má ṣí i o, kẹ́ ẹ sì bi àwọn àlùfáà wọn kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò.