Ẹ má kàn tẹ 0.9 síbi S0²: bí a ṣe ń to gíga ìgbì nínú fit EXAFS

“Ẹ̀gbọ́n, mélòó ni kí n kọ síbi S0²?” Ohun tí àwọn àbúrò tó ń kẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì lọ́dọ̀ mi ní Ìkòròdú máa ń kọ́kọ́ bi mí nìyẹn, tí wọ́n bá ti ṣí Artemis, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe fit EXAFS: à ń fi ìṣirò bá ìgbì tó wà nínú bí nǹkan ṣe ń gba X-ray mu, kí a lè mọ àwọn átọ́ọ̀mù tó yí ọ̀kan ká. Àwọn mìíràn ti gbọ́ níbì kan pé 0.9 ló dáa, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, ó parí. Èmi ò fara mọ́ ọn.

Iye átọ́ọ̀mù tó yí èyí tí à ń wò ká là ń pè ní N. S0² ní tiẹ̀ ń bu ìgbì náà kù, torí pé tí X-ray bá lé elẹ́kítírọ́ọ̀nù kan jáde, àwọn yòókù nínú átọ́ọ̀mù náà kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ńṣe la máa ń fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, èsì rẹ̀ nìkan sì ni kọ̀ǹpútà ń rí. Tí ẹnì kan bá ní òun ná ₦30,000 lórí ẹja ní Èbúté, ẹ ò lè mọ iye apẹ̀rẹ̀ tó rà láìmọ iye tí wọ́n ń ta ọ̀kan. Tí ẹ bá fi N àti S0² sí “guess” (kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ wá iye wọn) papọ̀, kò sí èyí tí ẹ máa lè gbára lé nínú méjèèjì.

Nítorí náà, ohun tí a ti mọ N rẹ̀ dájú la fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú síǹkì inú ẹrẹ̀ ọ̀sà ní Ìpákodò: ṣé ọ́síjìn 4 ló yí i ká ni àbí 6? Ọ̀pọ̀ á sáré mú foil síǹkì (síǹkì pẹlẹbẹ tín-ín-rín), torí pé foil bàbà ni wọ́n fi kọ́ wọn. Bàbà kò ní wàhálà, átọ́ọ̀mù 12 wà ní 2.56 Å gbáko (Å la fi ń wọn bí átọ́ọ̀mù ṣe jìnnà síra). Ti síǹkì pín sí méjì, 6 ní nǹkan bí 2.66 Å, 6 yòókù ní nǹkan bí 2.91 Å, wọ́n sì máa ń gbọ̀n gan-an. Ẹ fi í sílẹ̀. ZnO (síǹkì tó so mọ́ ọ́síjìn) ni kí ẹ lò: ọ́síjìn 4, nǹkan bí 1.98 Å.

Kò tíì sí synchrotron, ẹ̀rọ ńlá tó ń mú X-ray tí a nílò jáde, ní ilẹ̀ Áfríkà, ẹrù wa á lọ sí SESAME ní Jọ́dánì tàbí sí Yúróòpù. Kí ẹ tó dì í, ẹ rí i pé ZnO wà nínú rẹ̀, kí wọ́n lè wọn òun àti ẹrẹ̀ lórí beamline (ibùdó àyẹ̀wò lára synchrotron) kan náà. Nǹkan tí fit ń pè ní S0² máa ń kó àléébù ẹ̀rọ àti ti bí a ṣe ṣètò àyẹ̀wò mọ́ra.

Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Transmission (wíwọn X-ray tó gba inú nǹkan kọjá) ni kí wọ́n fi wọn ZnO. Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ pò ó mọ́ boron nitride, kí edge step rẹ̀ (bí gbígba X-ray ṣe fò sókè tó ní edge, ibi tí síǹkì ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbà á gan-an) má ju nǹkan bí 1 lọ. Tí wọ́n bá fi fluorescence (wíwọn ìmọ́lẹ̀ X-ray tí átọ́ọ̀mù tú jáde) wọn ògidì ZnO, yóò gbé ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ mì, ìgbì á kéré, amp (orúkọ tí a fún S0² nínú fit) á wálẹ̀. Ẹrẹ̀ tí síǹkì inú rẹ̀ kò tó nǹkan kò ní àìsàn yẹn. Tí ẹ bá wá gbé amp tó ti wálẹ̀ yìí fún ẹrẹ̀, 4 á di 5, ẹ ó sì máa wá àlàyé fún ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Edge step inú Athena, ètò tí a fi ń tún dátà ṣe kí ó tó dé Artemis, náà ńkọ́? Tí ìlà tí ẹ fà lẹ́yìn edge bá fi 10% ṣì í, gíga ìgbì á fi 10% ṣì bákan náà.

Ó wá ku Artemis. Fún ZnO, ẹ kọ guess amp = 0.9, guess ss = 0.003 (ss ni σ², bí jíjìnnà átọ́ọ̀mù ṣe ń yàtọ̀ síra tó), pẹ̀lú enot (àtúnṣe agbára) àti delr (àtúnṣe jíjìnnà) ní 0. Ẹ fi N sílẹ̀ bí FEFF, ètò tó ń ṣírò ìgbì láti inú ètò átọ́ọ̀mù, ṣe kà á, ẹ kọ amp síbi S0². Tí ó bá pín ọ́síjìn sí 3 àti 1, amp kan náà ni kí méjèèjì lò. Àbájáde sábà máa ń wà láàárín 0.7 sí 1. Ká ní ó jẹ́ 0.87 ± 0.07. Ẹ bọ́ sórí ẹrẹ̀: ẹ yí amp sí set (kọ̀ǹpútà kò ní yí i padà mọ́), 0.87; ẹ kọ 1 síbi N; ẹ kọ amp*n síbi S0²; guess n = 4 (n ni iye ọ́síjìn tí à ń wá).

n àti σ² ṣì máa ń fa ara wọn. Ẹ fi k-weight 1, 2 àti 3 (bí a ṣe ń gbé apá ìkẹyìn ìgbì ga sí) ṣe fit náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí k, ìlà ìsàlẹ̀ tí a fi ń ya ìgbì náà, sì gùn tó bí dátà bá ṣe gbà. Tí ẹ bá mú n dúró lójú kan tí σ² sì bọ́ sísàlẹ̀ òdo, n yẹn ló sábà máa ń kéré jù.

Tí n bá jáde ní 4.4 ± 0.4, ẹ má gbàgbé ± 0.07 ti amp. Tí ẹ bá pa méjèèjì pọ̀, ó di ± 0.5. Lẹ́yìn náà, ẹ wo R, bí ọ́síjìn ṣe jìnnà sí síǹkì. Nǹkan bí 1.97 Å bá 4 mu, nǹkan bí 2.08 Å bá 6 mu. Tí R bá sọ 4 tí n sì ń sọ 6, R ni èmi máa ń gbà gbọ́, màá sì padà lọ wo edge step. Nínú tábìlì tí ẹ máa tẹ̀ jáde, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé set ni amp, pé ZnO lẹ ti rí i, àti iye rẹ̀.