Bí A Ṣe Ń Wọn Ìrísí Ìṣùpọ̀ Ìràwọ̀ Eléruku Láti Abẹ́òkúta

Kò dìgbà tí ẹ bá gun Olúmọ. Kọ̀ǹpútà àti dátà ti tó. Ẹ wa fáìlì FITS (fáìlì àwòrán ojú ọ̀run) ti ALMA (àwọn awò rédíò tó wà ní Chile) àti ti James Webb (awò awọ̀nàjíjìn inú òfuurufú) jáde, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi DS9, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣí irú fáìlì yìí, ṣí wọn, kí ẹ fi WCS (àmì ipò ojú ọ̀run tó wà nínú fáìlì) tò wọ́n lé ara wọn.

Ẹ má gbára lé àwòrán Hubble (awò òfuurufú tó ń wo ìmọ́lẹ̀ tí ojú lè rí ní pàtàkì) nìkan: eruku ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, ìṣùpọ̀ kan á wá dà bí èyí tó fọ́ sí wẹ́wẹ́. ALMA ní tirẹ̀ ń rí ìtànṣán eruku gan-an. Àmọ́ ohun tó bá kéré ju beam rẹ̀ (ìwọ̀n tó kéré jù tó lè yà sọ́tọ̀) lọ, ẹ má tètè pè é ní apá ìṣùpọ̀. Ariwo ló sábà máa ń jẹ́.

Ó ku GALFIT, ètò kọ̀ǹpútà tó ń wọn ìrísí ìṣùpọ̀. Ẹ wo nọ́ńbà Sérsic tó bá fún yín, èyí tó ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe kóra jọ sí àárín: Sérsic 1, ó pẹrẹsẹ bí àwo; 4, àárín ló ki. Bí ẹ bá gbàgbé PSF (bí awò ṣe ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ojú kan ká), ìwọ̀n yín á tóbi jù.