Bí Jẹnẹrétọ̀ Ṣọ́ọ̀bù Yín Kò Ṣe Ní Máa Fi Epo Ṣòfò

Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà kan fò láti nǹkan tí kò tó 200 náírà kọjá 480 náírà, kò yẹ kí oníṣọ́ọ̀bù kankan tún máa da epo sí jẹ́ẹ̀nì lójú dídì. Èéfín náà kò kéré: lítà pẹtiróòlù kan tó bá jóná, kábọ́ọ̀nù dayọ́sáídì (CO2) tó ń tú sáfẹ́fẹ́ ju kílò méjì lọ.

Ẹ kọ́kọ́ yọ gúlúbù oní-60 wọ́ọ̀tì, kí ẹ fi LED oní-9 sí i. Áyọ́ọ̀nù, ẹ dúró kí iná ìjọba dé. Ẹ fọ fóòmù tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ pẹ̀lú ọṣẹ, ẹ fún un, ẹ sá a síbòòji. Ìyẹn ò le.

Kabúrétọ̀, níbi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́ kó tó wọ ẹ́ńjìnì, ni wọ́n ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Idẹ kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní jẹ́ẹ̀tì. Ihò bíńtín ojú rẹ̀ ló ń wọn epo fún ẹ́ńjìnì. Bí ìdọ̀tí bá dí i, wáyà ni wọ́n máa ń fà yọ láti gún un. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gún un! Idẹ rọ̀, irin á bó ihò náà fẹ̀ sí i. Ojú yín ò ní rí i, àpò yín ló máa rí i. Lójú mi báyìí ni mẹkáníìkì kan ṣe gún tèmi. Ẹ́ńjìnì dún dáadáa, mo sanwó, mo tún dúpẹ́. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí púlọ́ọ̀gì fi dúdú bí ìdí ìkòkò, epo tó ń gbé wa dé alẹ́ sì ń tán ní ìrọ̀lẹ́. Jẹ́ẹ̀tì tó bá ti fẹ̀ kò ṣe é tún ṣe, tuntun lẹ máa rà.

Bí jẹ́ẹ̀tì bá dí, inú epo ni kí ẹ rẹ ẹ́ sí mọ́jú, kí fọkanáísà wá fi pọ́ǹpù rẹ̀ fẹ́ ẹ. Oògùn alágolo tí wọ́n fi ń fọ kabúrétọ̀ wà lọ́jà, mi ò náwó sí i rí. Bó bá ṣì dí, okùn ọ̀rá tí wọ́n fi ń dẹ ìwọ̀ ni kí ẹ fi ṣe é. Ẹyọ ìgbálẹ̀ máa ń kán sínú rẹ̀.

Tí ẹ́ńjìnì bá ti móoru, ẹ ṣí ṣóòkù, ìyẹn ohun tó ń dí afẹ́fẹ́ nígbà tí ẹ bá ń tan án, pátápátá. Ní ti òìlì, wákàtí 50 ni ẹ pààrọ̀ rẹ̀, àfi bí ìwé ẹ̀rọ bá ní kó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ da lítà epo kan péré sí jẹ́ẹ̀nì, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye ìṣẹ́jú tó lò sára ògiri. Bí iye náà bá dín kù lóṣù tó ń bọ̀, fóòmù ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.