Synthesizer tókúnbọ̀ tàbí láptọ́ọ̀pù: bí mo ṣe mọ èyí tí n ó náwó lé

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú owó tí n ó fi ra synthesizer tókúnbọ̀ kan, ẹ̀rọ bíi dùùrù tó ń ṣẹ̀dá ohùn fúnra rẹ̀, l'Álàbà. Kí n tó lọ rà á ni iṣẹ́ orin ìsọmọlórúkọ kan dé. Ayọ̀délé ni ọmọ yóò máa jẹ́, wọ́n sì fẹ́ kí gángan pe orúkọ náà nínú orin. Ọjọ́ márùn-ún ló kù. Mo ní ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ yìí là mí lọ́yẹ̀. Dípò synthesizer, mo yá dùùrù Yamaha ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ṣí FL Studio, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe orin, lórí láptọ́ọ̀pù mi.

Ìka mi ló kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀. Bí mo ṣe ń tẹ dùùrù ni ohùn ń jáde. Ṣùgbọ́n tí mo bá fi okùn USB so dùùrù yẹn mọ́ láptọ́ọ̀pù kí n lè fi tẹ ohùn inú FL, ohùn a falẹ̀, ọwọ́ mi a sì máa ṣe ségesège. Díẹ̀ ló kù kí n pa láptọ́ọ̀pù tì. Àṣé ètò inú rẹ̀ ni mi ò tún ṣe. Ohùn tí kọ̀ǹpútà ń gbé jáde, ègé 44,100 ni láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Buffer mi wà ní 1024, ìyẹn ni pé ó ń kó ègé 1024 jọ kó tó tú wọn síta. Ìdá 23 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá nìyẹn, ká má tíì ka èyí tí Windows fi kún un. Mo fi driver ASIO, ètò tó ń mú kí ohùn tètè jáde, sí i, mo sọ buffer di 128, ó wá kù sí nǹkan bí ìdá 3. Ọwọ́ mi balẹ̀. Nígbà tí plugin, ìyẹn àwọn ètò ohùn tí mo kó sínú FL, pọ̀ tí ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í ta pà-pà, mo dá buffer padà sí 1024, torí mi ò tẹ nǹkan kan mọ́ nígbà yẹn.

Lọ́jọ́ kẹta, iná lọ. Dùùrù kú fin-ín, ohùn tí mo ti ń tò láti àárọ̀ tí mi ò tíì fi pamọ́ lọ pẹ̀lú rẹ̀. Bátìrì gbé láptọ́ọ̀pù dúró. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni ọmọbìnrin tó fẹ́ kọrin ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó ga jù fún mi.” Gbogbo ohun tí mo tẹ̀ ní MIDI, tó ń tọ́jú bọ́tìnnì tí mo tẹ̀ dípò ohùn rẹ̀, mo fà á wálẹ̀ semitone mẹ́ta, ìyẹn bọ́tìnnì mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn lórí dùùrù, ó parí. Èyí tí mo ti gbà sílẹ̀ tààrà láti ara dùùrù, mo ní láti tún un tẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ó wá ku gángan. Mo ní ohùn gángan nínú láptọ́ọ̀pù. Ayọ̀délé: re, dò, mí, mí. Mo tẹ̀ ẹ́, ohùn náà pé, àmọ́ kò pe ọmọ. Tí ènìyàn bá pe orúkọ yẹn, “dé” kì í déédéé bẹ̀rẹ̀ lókè, ìsàlẹ̀ níbi tí “yọ̀” wà ló ti ń gòkè bọ̀. Mo gbìyànjú láti fi pitch bend, ohun tó ń fa ohùn sókè sódò, gbé e. Semitone méjì péré ló lè lọ, mo fẹ̀ ẹ́ dé 12. Ó gòkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹni ń sú ìfé ló rí. Tí onílù bá fún ọsán, awọ náà le sí i, bí kọ̀ǹgọ́ ṣe ń dún lórí rẹ̀ á yí padà. Ìyípadà yẹn ò sí nínú ohun tí mo ń yí.

Mo lọ bá bàbá onílù kan ládùúgbò wa. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe ọmọ yìí.” Wọ́n fi gángan há abíyá, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ fi ẹnu pe orúkọ náà fún àwọn. Mo pè é. Wọ́n lù ú lẹ́ẹ̀kan péré, ìyàwó mi sì dáhùn láti ilé ìdáná pé, “Ta ló ń jẹ́ Ayọ̀délé?”

Mi ò lọ Álàbà mọ́. Owó synthesizer yẹn ni mo fi ra audio interface oníhò méjì, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn máíkù wọ kọ̀ǹpútà, àti máíkù gidi kan, láptọ́ọ̀pù sì ń ṣe ìyókù. Bàbá ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti wá pe orúkọ ìbejì kan.