Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Bóyá Cowslip Ṣì Ń Bímọ Nínú Pápá Tí Igbó Ń Gbà

Cowslip, Primula veris, jẹ́ òdòdó yẹ́lò tó máa ń tanná nínú pápá koríko Yúróòpù láti oṣù kẹrin sí oṣù karùn-ún. Bí ẹran kò bá jẹko níbẹ̀ mọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì gé e, igbó á gba pápá náà. Cowslip kì í kú lójú ẹsẹ̀. Ìyá ewéko lè pẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún lábẹ́ ibòji, kó máa tanná díẹ̀díẹ̀, kó má sì ní ọmọ kankan. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ nìyẹn. Ẹ má tíì ra irúgbìn. Ẹ kọ́kọ́ ka ewéko tó wà nílẹ̀.

Lóṣù karùn-ún, ẹ rìn gba inú pápá kọjá. Ní ìṣísẹ̀ méjì-méjì, ẹ wo ojú òdòdó kan lórí ewéko kan. Oríṣi méjì ló wà. Nínú ọ̀kan, ẹ ó rí kókó róbótó aláwọ̀ ewé lẹ́nu ihò, bí orí píìnì: ọ̀pá abo rẹ̀ ló gùn, àpò àtíké, ìyẹ̀fun akọ òdòdó, sì fara pamọ́ sísàlẹ̀. Nínú èkejì, àpò àtíké márùn-ún ló kún ẹnu ihò, bí ìdí òwú tí ahunṣọ gé kù lórí òfì. Abo rẹ̀ ló kúrú. Gbogbo òdòdó orí ewéko kan bára mu. Àtíké olórí-píìnì kì í fi bẹ́ẹ̀ mú olórí-píìnì ẹgbẹ́ rẹ̀ so. Olówùú ló ń mú so dáadáa, bẹ́ẹ̀ náà ni olówùú sí olórí-píìnì. Oyin àti labalábá ló ń gbé àtíké náà, wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí òdòdó tí koríko gíga bò.

Ẹ ka 100 ewéko, kí ẹ kọ iye oríṣi kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. 55 sí 45 kò burú. 80 sí 20 túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ kò rí ẹnìkejì. Bí ẹ bá ka 10 péré, 7 sí 3 lè ṣẹlẹ̀ lásán, ẹ má gbà á gbọ́.

Lóṣù keje, ẹ gbọn èso gbígbẹ sórí ìwé funfun. Hóró dúdú líle tó pọ̀ fi hàn pé ó so. Ìyàngbò fífúyẹ́ lásán fi hàn pé àtíké kò dé ibẹ̀. Bí hóró bá wà ṣùgbọ́n tí ẹ kò rí ọmọ ewéko kankan nílẹ̀ ní ìrúwé tó tẹ̀ lé e, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé koríko gbígbẹ tó nípọn ló dí wọn lọ́wọ́. Hóró cowslip nílò ìmọ́lẹ̀ àti òtútù kó tó hù, ẹ̀bá ìyá rẹ̀ ló sì sábà máa ń bọ́ sí.

Ìtọ́jú rẹ̀: lẹ́yìn tí hóró bá ti bọ́, ní ìparí oṣù keje, ẹ gé koríko ku bíi sẹ̀ǹtímítà 7. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ díẹ̀, kí hóró tó kù lè já, kí ẹ wá fi réèkì kó gbogbo rẹ̀ kúrò. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, á jẹrà, á di ajílẹ̀, koríko ńlá á sì borí. Ìgbà òtútù ni kí ẹ gé igi kéékèèké, kí ẹyẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ létí pápá fún kòkòrò. Wọ́n á tún hù láti ìdí, ẹ ó tún gé wọn lọ́dún tó ń bọ̀.

Bí oríṣi kan bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹ gba hóró láti pápá tó wà nítòsí, kí onílẹ̀ gbà fún yín. Ní oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá, ẹ ha ilẹ̀ títí ìdajì rẹ̀ á fi ṣí, ẹ fọ́n ọn sójú ilẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹ má bò ó. Ọdún kejì tàbí ìkẹta ni wọ́n máa ń tanná, ìgbà yẹn sì ni kí ẹ tún ka ewéko 100.